Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú Uyo: bí ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn kan ní Àjàṣẹ́ ṣe múra sílẹ̀, àti ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, 10 Oṣù Kẹwàá 2025, Tosin Aiyegun gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní Kigali, Bẹ̀nẹ̀ sì na Rùwáńdà 1-0. Àmì Bẹ̀nẹ̀ di 17, àwọn Guépards, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Bẹ̀nẹ̀, wà lókè ìsọ̀rí C tí wọ́n ti ń du àyè Ife Àgbáyé 2026, ó sì ku eré kan ṣoṣo. Bẹ̀nẹ̀ kò tíì dé Ife Àgbáyé rí. Nàìjíríà ni wọ́n fẹ́ pàdé ní Uyo, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun 14 oṣù náà, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Láàárín Jímọ̀ sí Ìṣẹ́gun yẹn, ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí a kò ní dárúkọ, ní láti mọ ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń dúró sílé, kí wọ́n mọ iye tí wọn yóò ná, kí wọ́n sì mọ ohun tí wọn yóò ṣe bí nǹkan kò bá rí bí wọ́n ṣe fẹ́. Àwọn olórí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ la kọ èyí fún.

Ẹgbẹ́ náà tó èèyàn 60. Àwọn ọlọ́jà Ouando ló pọ̀ jù, àwọn télọ̀ àti onízẹ́mì (ọlọ́kadà) tẹ̀ lé wọn, olùkọ́ mélòó kan sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kálukú ń dá 500 séfà lọ́sẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fi ojú ara rẹ̀ rí Guépards nínú ìdíje yìí, torí Abidjan ni Bẹ̀nẹ̀ ti ń gba àlejò. Ẹni tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ lọ sí Abidjan láti Àjàṣẹ́ yóò kọjá ẹnubodè mẹ́ta: Hillacondji, Aflao àti Elubo. Uyo jìnnà, ó ju 600 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ẹnubodè kan péré ló wà láàárín. Ìdí nìyí tí eré òkèèrè tó le jù lọ fi di èyí tí gbogbo ẹgbẹ́ rò pé ọwọ́ àwọn lè tó.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ẹni tí kì í ṣe ará Àjàṣẹ́ lè má tètè rí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ìyàwó àbúrò ní Ìdìrókò, ní Ọ̀tà, ní Èkó. Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé ti Super Eagles wà nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń sá ẹ̀wù Guépards sí. Nàìjíríà náà mọ ọ̀nà wa: ní Oṣù Kẹta 2021, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn Super Eagles wọ̀ láti Èkó dé Àjàṣẹ́, wọ́n sì borí 1-0 ní pápá Charles de Gaulle. Fún àwọn èèyàn wọ̀nyí, Nàìjíríà kì í ṣe àjèjì tí wọ́n lè kórìíra fún wákàtí méjì kí wọ́n sì gbàgbé. Bí wọ́n bá fìdí rẹmi, lẹ́nu ìbátan ni wọn yóò ti gbọ́ ọ fún ọdún kan gbáko.

Ìrètí wọn ní ìdí. Ní 10 Oṣù Kẹfà 2024, Bẹ̀nẹ̀ na Nàìjíríà yìí kan náà 2-1 ní Abidjan. Onyedika ló kọ́kọ́ gbá wọlé, Jodel Dossou dá a padà, Steve Mounié sì fi ẹlẹ́ẹ̀kejì lé e kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Gernot Rohr tó ń kọ́ Bẹ̀nẹ̀ ló kọ́ Nàìjíríà láti 2016 sí 2021. Aiyegun tó gbá ti Kigali wọlé, Èkó ni wọ́n bí i sí.

Àníyàn náà ní ìdí tirẹ̀, ó sì wúwo jù. Ní 7 Oṣù Kẹsàn-án 2024, ní pápá Godswill Akpabio ní Uyo kan náà, Nàìjíríà gbá Bẹ̀nẹ̀ 3-0, Lookman gbá méjì, Osimhen gbá ọ̀kan. Nígbà tí Bẹ̀nẹ̀ borí ní Abidjan, Osimhen kò sí níbẹ̀, ó fara pa. Lọ́tẹ̀ yìí, ara rẹ̀ le. Nàìjíríà ní àmì 14, wọn kò sì ní ibòmíràn tí wọ́n lè sá sí àfi kí wọ́n borí.

Ìpàdé ọ̀sán Sátidé ni nǹkan ti kọ́kọ́ yí padà. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn: “Ọ̀mì ti tó wa.” Akọ̀wé ẹgbẹ́, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, kò bá wọn jiyàn. Ó mú ẹfun, ó kọ ọ́ sí pátákó: Bẹ̀nẹ̀ 17, ìyàtọ̀ góòlù +5; Gúúsù Áfíríkà 15, +3; Nàìjíríà 14, +3. Lẹ́yìn náà ló wá ń tú u palẹ̀.

Bí Bẹ̀nẹ̀ bá borí, ó di 20, kò sí ẹni tó lè bá a mọ́. Bí wọ́n bá ta ọ̀mì, Bẹ̀nẹ̀ di 18, ṣùgbọ́n Gúúsù Áfíríkà ń gba Rùwáńdà lálejò ní Mbombela ní wákàtí kan náà, àwọn náà sì lè di 18. Bí Gúúsù Áfíríkà bá fi góòlù kan borí, +4 ni tiwọn, Bẹ̀nẹ̀ ṣì wà lókè. Bí wọ́n bá fi méjì borí, ìyàtọ̀ góòlù dọ́gba, iye góòlù tí kálukú gbá wọlé ni wọn yóò wò, méjèèjì sì ti ní 12 tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá fi mẹ́ta borí, ọ̀mì Bẹ̀nẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan mọ́.

Ẹnìkan wá béèrè pé bí Bẹ̀nẹ̀ bá pàdánù pẹ̀lú góòlù kan ńkọ́, tí Gúúsù Áfíríkà náà kò sì borí? Akọ̀wé ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn. Nàìjíríà yóò di 17, Bẹ̀nẹ̀ 17. +4 sí +4. Góòlù tí wọ́n gbá wọlé náà yóò dọ́gba, nítorí 12 sí 11 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá tún wo eré àárín àwọn méjèèjì nìkan, 2-1 ti Abidjan àti góòlù kan ti Uyo, ibẹ̀ náà yóò dọ́gba. Gbogbo ilé dákẹ́.

Ohun tí pátákó yẹn ṣe kò kéré. Ẹni tó gbà pé ọ̀mì tó yóò máa jó nígbà tó bá ṣì jẹ́ 0-0, kò ní béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Mbombela, ìbínú rẹ̀ yóò sì pọ̀ ní ìlọ́po méjì bó bá gbọ́ lẹ́yìn eré pé ọ̀mì náà kò wúlò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yan ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé iṣẹ́ tirẹ̀ ní pápá ni kó máa fi fóònù tẹ̀ lé Mbombela, kó sì máa sọ ọ́ fún àwọn yòókù láì fi kún un, láì yọ kúrò níbẹ̀. Àgbàlagbà kan nínú wọn béèrè ọ̀rọ̀ tí kò dùn mọ́ni létí: “Ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá fi mẹ́ta sí òdo lù wá, báwo lẹ ṣe máa jáde kúrò nínú pápá èèyàn 30,000?” Àwọn ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé Bàbá ń ro ibi. Olórí ẹgbẹ́ ní kí wọ́n dá Bàbá lóhùn. Báyìí ni wọ́n ṣe ṣe àdéhùn ìjáde: ẹnikẹ́ni kò ní dá dìde, wọn yóò jókòó fún ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn fèrè ìkẹyìn, wọn yóò fi aṣọ mìíràn bo ẹ̀wù Guépards, awakọ̀ yóò sì ti yí imú ọkọ̀ sí ojú títì kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Èèyàn 43 kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. 35,000 séfà ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, oúnjẹ sì jẹ́ ti oníkálukú. Akápò ẹgbẹ́, ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ouando, ní òfin kan tí kì í yẹ̀: owó àti ìwé ìrìnnà ni yóò jọ dé ọwọ́ òun. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àjákọ kan lórí itan. Ó ń gba káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ọjọ́ tí káàdì yóò parí títí tí ojú rẹ̀ fi mú un, kó tó kọ ọ́ sílẹ̀: orúkọ, irú ìwé, nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ tó ń parí, ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, nọ́ńbà fóònù ẹni kan nílé. Nígbà tó parí, èèyàn 17 ló pé. Àwọn 12 ní CIP nìkan, ìyẹn ìwé ìdánimọ̀ ti ìjọba Bẹ̀nẹ̀. Ìwé yẹn wúlò nílé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé ìrìnnà. Ìwé ìrìnnà tàbí káàdì ìdánimọ̀ CEDEAO (ECOWAS) ni ẹnubodè ń béèrè. Káàdì àwọn 8 ti parí. Àwọn 4 kò ní ìwé abẹ́rẹ́. Àwọn 2 jẹ́ ọmọ ilé ìwé tí kò tíì pé ọdún 18, wọn kò sì mú ìwé àṣẹ òbí wá.

Ọjọ́ Àìkú yìí gan-an ni ìròyìn gbòde pé gíláàsì iwájú ọkọ̀ òfuurufú Nàìjíríà là lójú ọ̀run nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti Gúúsù Áfíríkà, pé wọ́n ní láti padà sí Luanda, pé wọn kò tètè dé Uyo. Ìrètí ru sókè. “Ó ti rẹ̀ wọ́n!” ni gbogbo ọjà ń wí. Àwọn tí akápò ti dá padà tún kó owó wá. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀ ẹ́ pé: “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba owó yìí. A máa bá wọn sọ̀rọ̀ dé ẹnubodè.” Ó dá a lóhùn pé: “Ọmọ mi, bí wọ́n bá dá ẹ dúró níbẹ̀, gbogbo ọkọ̀ ló máa jókòó dè ẹ́. Lọ bá wa wá ibi tí a ó ti wò ó nílé.” Mo gbà pé òun ló ṣe iṣẹ́ tó dára jù nínú gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ yìí. Ìròyìn ọkọ̀ òfuurufú lè mú kí Nàìjíríà sáré díẹ̀ sí i tàbí kó má mú un, kò lè sún ọjọ́ tó wà lára káàdì ẹnikẹ́ni síwájú.

Ètò owó rèé. Èèyàn 17 mú 595,000 wá. Wọn kò gbé ọkọ̀ Bẹ̀nẹ̀ kọjá ẹnubodè. Ọkọ̀ tó ní nọ́ńbà òkèèrè nílò ìwé ìbánigbófò carte brune àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, wọ́n sì lè dá a dúró níbi gbogbo tí ọlọ́pàá bá wà lójú ọ̀nà. Wọ́n wọ táksí dé Igolo, wọ́n fẹsẹ̀ kọjá, wọ́n tún wọ ọkọ̀ láti Ìdìrókò dé Sàngó Ọ̀tà, níbi tí bọ́ọ̀sì oníjókòó 20 ti Nàìjíríà, pẹ̀lú awakọ̀ méjì, ti ń dúró. Bọ́ọ̀sì jẹ́ 320,000 séfà ní àlọ àti àbọ̀. Láti Àjàṣẹ́ dé Ọ̀tà àti àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8,000 fún ẹnì kan, àpapọ̀ 136,000. Ilé ìtura alẹ́ méjì jẹ́ 60,000. 79,000 ló ṣẹ́ kù fún tíkẹ́ẹ̀tì àti ohun tí ojú kò rí. Awakọ̀ kejì náwó, ṣùgbọ́n kò sí bí ẹnì kan ṣe lè wa ọkọ̀ lọ sí Uyo kó sì wà á bọ̀ láì tòògbé.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti yọ̀ nìyí. Ní aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ Ajé, nígbà tí wọ́n fẹ́ gbéra, olórí ẹgbẹ́ rántí pé àyè kan ṣì ṣófo nínú bọ́ọ̀sì. Ọ̀dọ́kùnrin kan tí káàdì rẹ̀ ti parí ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn wà níbẹ̀, ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká, ìlù rẹ̀ sì wà lábẹ́ apá. Òun ló máa ń lùlù fún wọn. Olórí ní kó wọlé. Akápò kò sí níbẹ̀, ó ti lọ sílé.

Ní ẹnubodè, wọ́n dá onílù náà dúró ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, àwọn kan ní àwọn kò lè lọ láìsí ìlù. Wọ́n bẹ̀, wọ́n pe ìbátan kan ní Ìdìrókò, wọ́n tún bẹ̀. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n fi zẹ́mì kan gbé e padà sí Àjàṣẹ́. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú márùnlélógójì ló ti lọ. Ètò wọn ni pé kí wọ́n wọ Bìní kí ilẹ̀ tó ṣú. Dípò bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí wọ́n kọjá Ọ̀rẹ̀, inú òkùnkùn ni wọ́n sì ti gba ojú ọ̀nà inú igbó tí àwọn awakọ̀ fúnra wọn kì í fẹ́ gbà lálẹ́. Àwọn tó ń fò sókè lọ́jọ́ Jímọ̀ kò sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ọkọ̀. Wọ́n dé láyọ̀, àmọ́ ewu tí wọ́n fi owó àti ètò sá fún ni wọ́n tún fi ọwọ́ ara wọn rà nítorí ìjókòó kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ dáadáa. Wọ́n kúrò ní Bìní ní kùtùkùtù, wọ́n gba afárá kejì tó wà lórí odò Ọya kí wọ́n má bàa há sínú Onítṣà, wọ́n sì wọ Uyo kí aago méjì ọ̀sán tó lù.

Nílé, àwọn tó kù ní iṣẹ́ tiwọn, ó sì yẹ kí á wò ó dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣàṣìṣe. Wọ́n fẹ́ háyà ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára aṣọ funfun, kí wọ́n ta aṣọ náà sí gbangba. Ọ̀kan nínú wọn, tó ń tún rédíò ṣe, ní kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò ní ọjọ́ Ajé, ní aago márùn-ún gééré, wákàtí tí eré yóò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tàn án, wọn kò rí nǹkan kan. Ní àárín Oṣù Kẹwàá, oòrùn kì í wọ̀ ní Àjàṣẹ́ títí di nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀, nígbà tí eré ti ń parí lọ. Ká ní alẹ́ ni wọ́n dán an wò ni, ìbá dà bíi pé ó dára gan-an. Wọ́n dá owó háyà dúró, wọ́n yá tẹlifíṣọ̀n ńlá méjì, wọ́n gbé wọn sábẹ́ àtíbàbà ìsọ̀ káfíńtà kan, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn àwọn tẹlifíṣọ̀n náà sí ìwọ̀-oòrùn kí ìmọ́lẹ̀ má bàa tàn sí ojú wọn.

Orí dikódà kan ṣoṣo ni wọ́n so tẹlifíṣọ̀n méjèèjì mọ́. Bó bá jẹ́ dikódà méjì tí ilé-iṣẹ́ wọn yàtọ̀, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan máa ń wà láàárín wọn. Apá kan yóò ti pariwo góòlù kí apá kejì tó rí i, ìjà sì lè tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn ògiri, lítà epo 10 sì wà nílẹ̀, wọ́n tàn án kí eré tó bẹ̀rẹ̀ láì dúró de kí iná lọ. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣòwò ní Ouando wá wo eré. Ẹgbẹ́ kò yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Òfin méjì péré ni wọ́n fi lélẹ̀: kò sí tẹ́tẹ́ lábẹ́ àtíbàbà yẹn, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bú òbí ẹnikẹ́ni. Onílù tí wọ́n dá padà ní ẹnubodè ló ń lùlù fún wọn níbẹ̀.

Ní ìṣẹ́jú kẹta, Osimhen gbá wọlé. Ní Uyo, àwọn 17 ṣì dúró, wọ́n ṣì ń kọrin. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wo fóònù sọ fún wọn kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí pé Gúúsù Áfíríkà ti ní méjì, nígbà tí Osimhen sì tún gbá òmíràn, gbogbo wọn ti mọ ohun tó kù, torí wọ́n ti rí i lórí pátákó ní Sátidé. Osimhen gbá mẹ́ta, Onyeka fi ẹ̀kẹrin kún un. Gúúsù Áfíríkà borí 3-0, wọ́n gba ipò kìíní pẹ̀lú àmì 18. Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ jọ ní 17, +7 sí +1, Nàìjíríà sì mú ipò kejì. Àwọn tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ọ̀mì tó kò ní ohun tí wọn yóò fi tan ara wọn: ọ̀mì pàápàá kì bá tí gbà wọ́n, Gúúsù Áfíríkà ìbá fi +6 borí +5.

Wọ́n jókòó fún ogójì ìṣẹ́jú náà. Àwọn kan sunkún, ẹnikẹ́ni kò sì dá wọn lẹ́kun. Àwọn ará Uyo mélòó kan wá bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀nà ìjáde ti fúyẹ́, wọ́n fi aṣọ bo ẹ̀wù wọn, wọ́n sì bá bọ́ọ̀sì níbi tó ti kọjú sí títì. Lọ́jọ́ Rú wọ́n gbéra ní ìdájí, wọ́n sùn lọ́dọ̀ ìbátan wọn ní Ọ̀tà, wọ́n sì wọ Àjàṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀.

Níbi ìpàdé tó tẹ̀ lé e, olórí ẹgbẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìjókòó tó ṣófo kì í ṣe ohun tó di dandan kí wọ́n fi èèyàn kún. Wọ́n wá gbà pé ìwé orúkọ yóò máa di títì pa ní alẹ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò, pé ìwé àjákọ akápò ni yóò wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kó èèyàn sọ́kọ̀, àti pé bí wọ́n bá dá ẹnikẹ́ni dúró ní ẹnubodè, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọn yóò fi dè é, owó àbọ̀ rẹ̀ yóò sì ti wà lápò rẹ̀ láti ilé. Àwọn tó ní CIP nìkan ti ń lọ gba káàdì CEDEAO ní mẹ́ta mẹ́ta, àpótí ẹgbẹ́ sì ń yá ẹni tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí káàdì rẹ̀ bá ku oṣù mẹ́ta kó parí, orúkọ rẹ̀ ni akápò ń kọ́kọ́ kà jáde ní ìpàdé, kí wọ́n tó dá sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.